Odó Tí A Fi Gún Táwẹ̀lì

Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, mo mọ kéèkì ṣe. Mo mọ bí a ṣe ń lu ẹyin títí yóò fi hó bí ọṣẹ, mo mọ bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ ra bọ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí búrẹ́dì, mo sì mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí fọ́ọ̀kì wà àti ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí ọ̀bẹ wà lára abọ́. Àwọn sísítà Kátólíìkì ló kọ́ mi. Odidi ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó sí kíláàsì ìtọ́jú ilé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, mo gba ipò kejì nínú ìdánwò àṣejáde, mo sì jáde láìmọ iyán gún. Ní Èkìtì o. Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibẹ̀ lè rò pé nǹkan kékeré ni mo sọ. Ó dà bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí awakọ̀ tí kò tíì rí bíréèkì rí.

Kì í ṣe pé ilé tí wọn kì í gún iyán ni mo dàgbà sí. Ilé ìdáná ìyá mi wà lẹ́yìn ilé wa nítòsí Ọjà Ọba ní Adó, yàrá alámọ̀ kékeré kan tí kò ní fèrèsé, tí èéfín ti kùn dúdú láti òkè délẹ̀. Ààrò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òkúta mẹ́ta-mẹ́ta tí ìyá tó bí ìyá mi ti gbé kalẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Lókè ààrò ni àjà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹja, ẹran àti àgbàdo tí a fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ sí, gbogbo wọn jọ ń mu èéfín bí àwọn àgbàlagbà tó ń mu tábà. Ìyá mi jẹ́ Kátólíìkì tó le. Wọ́n gbà pé ọ̀run àpáàdì wà, kò sì ṣòro fún wọn láti gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Wọn kò fẹ́ kí ojú mi pọ́n bí tiwọn. Bí mo bá ti yọ orí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á ní kí n lọ mú ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjì ló ń gún iyán. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n jẹ dáadáa. Mo mọ iyán tó kúnná yàtọ̀ sí èyí tí kò kúnná, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe lè mọ orin tó dùn láìmọ orin kọ. Mo di nọ́ọ̀sì, ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà Wúńdíá, kò sì sí ẹni tó rántí ọ̀rọ̀ odó mọ́ títí ọkọ fi dé.

Ọkọ tó dé jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ọmọ Ìgèdè, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, iṣẹ́ akọ̀wé pọ̀ lóde, gbogbo ọkùnrin tó bá sì ti ní báírò lápò ń rí ìyàwó fẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjọ ni yóò dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá mi wo ọkùnrin náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní ti ìjọ kò le, pé bí a bá ti jẹun yó, Ọlọ́run kan náà la jọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìgèdè kì í fi iyán ṣeré. Wọ́n ra odó tuntun fún mi pẹ̀lú ọmọ odó méjì. Ojú wọn nígbà tí wọ́n ń gbé e fún mi dà bí ti ẹni tó ń ra bàtà fún ẹja.

Yàrá méjì la gbà nínú ilé kan lẹ́bàá Fájuyì. Ìyá onílé, opó kan tó ń ta iyọ̀ àti ata gbígbẹ lọ́jà, ń gbé yàrá iwájú. Ilé ìdáná kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn, bíríkì tí wọ́n fi páànù bò, èmi àti ìyá onílé la sì jọ ń lò ó. Ààrò wọn wà lápá ọ̀tún, sítóòfù mi olójú méjì tó ń jẹ kẹrosíìnì wà lápá òsì. Ìyá onílé kò ka sítóòfù náà sí iná. Wọ́n ní iná tí kò ní èéfín, báwo ni àdúgbò yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ń dáná nílé ènìyàn? Èrò tiwọn nípa oúnjẹ ni pé kí a kọ́kọ́ fi ojú rí i lókè òrùlé, kí a fi etí gbọ́ ọ, kí ẹnu tó kàn án.

Ti etí yẹn ló le jù. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, gbogbo àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Odó níhìn-ín, odó lọ́hùn-ún, bí ẹni pé ìlú ń kan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ìyá onílé á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa ka odó bí ẹni ń kàwé. Ti ilé yẹn, iṣu rẹ̀ kò jiná. Tọ̀hún ti da omi sí i jù. Ìyàwó ilé kejì ń bá ọkọ rẹ̀ jà lónìí, ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń gún un ni? Ilé tí odó kò bá dún níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á ti máa béèrè bóyá àìsàn ni tàbí àìríjẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gún iyán fún ọkọ mi. Èyí àkọ́kọ́ kún fún kókó débi pé a ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara wa. Ọkọ mi ní kò burú, pé òun fẹ́ràn oúnjẹ tí ènìyàn lè rún. Èkejì rọ̀ jù, ṣíbí la fi jẹ ẹ́. Nígbà ẹ̀kẹta, ọmọ odó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó fò kọjá sítóòfù, ó sì fọ́ ìkòkò omi ìyá onílé. Ìyá onílé kò bínú. Wọ́n ṣa àfọ́kù ìkòkò wọn jọ, wọ́n sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá àwa Kátólíìkì kúkú ní àsìkò tí a fi ń gbààwẹ̀ iyán.

Láti ọjọ́ náà, ìrẹsì, ẹ̀bà àti dòdò ló kù nílé wa. Ọkọ mi ń jẹ ẹ́ láìráhùn. Ìwà rẹ̀ wú mi lórí gan-an títí mo fi mọ̀ pé bó bá ti jáde ní ọ́fíìsì, ó máa ń yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta iyán lẹ́yìn gárééjì kó tó wálé. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, èékánná ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ sí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe irọ́ tó lọ pa ní Ìgèdè. Ìyá rẹ̀ bi í bí iyán mi ṣe rí. Ó dáhùn, láìsí ẹni tó na ìbọn sí i, pé iyán mi dára ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n òun obìnrin lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n náà wà ní ìjókòó. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo béèrè ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀, pé ẹnu òun kàn ń lọ ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá rẹ̀, tí èmi náà ń pè ní màmá. Wọ́n ní kí màmá wá sí ilé ìwòsàn ní Adó, kí dókítà máa wo ojú náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò dé sí. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń mú iṣu bọ̀, kí n má wulẹ̀ rà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n máa dé, ọkọ mi lọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin kan ní Ìbàdàn, ó sì gbé páálí ńlá kan bọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó ṣí páálí náà. Ẹ̀rọ kan ló wà nínú rẹ̀, ó funfun, ó tóbi tó garawa, ó ní ìdérí, irin kan sì ń yí nínú ikùn rẹ̀. Ilẹ̀ Japáànù ni wọ́n ti ṣe é. Mi ò mọ ẹni tó lọ sọ fún àwọn ará Japáànù pé iyán ń dà wá láàmú, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run bá mi san án fún un. A se iṣu lórí sítóòfù, a dà á sínú ẹ̀rọ náà, a ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri nínú yàrá wa, nítorí pé kò sí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì nínú ilé ìdáná. Ó ń ké bí lọ́rì tó ń gun òkè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, a ṣí i, iyán sì wà níbẹ̀, ó funfun, ó kúnná, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ kí i.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí ibi tí ìṣòro kù sí. Ó ní, "Odó ńkọ́?"

Òótọ́ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni màmá yóò máa jókòó sí pẹ̀lú ìyá onílé. Bí odó kò bá dún tí iyán sì dé, níbo ni iyán ti wá? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ariwo ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò bò ó. A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, a gbìmọ̀ bí àwọn sójà tó fẹ́ gba ìjọba. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé rédíò yóò máa ké nínú yàrá, èmi yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹnìkan yóò sì wà nínú ilé ìdáná tí yóò máa gún odó kí gbogbo ayé lè gbọ́. Àwa méjì péré la sì mọ̀ nípa rẹ̀. Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ pa irọ́ náà."

A dán an wò nígbà tí ìyá onílé wà lọ́jà. Odó òfìfo ń dún kò, kò, kò, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ọmọ ọdún mẹ́ta á mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. A da èèpo iṣu sí i, ó ń ta káàkiri. Èmi ni mo wá mú táwẹ̀lì ńlá kan, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo ká a, mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ odó. Ọkọ mi gbé ọmọ odó sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Pù. Bí iyán ṣe ń dún gan-an nìyẹn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọjọ́ Ajé ni màmá dé. Lọ́rì já wọn sílẹ̀ ní Fájuyì pẹ̀lú àpò iṣu kan àti ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ. Obìnrin gíga ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú wọn kan sì ń ṣomi, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi ojú kan tó kù rí ju ohun tí ẹlòmíràn ń fi méjì rí lọ. Ilé ìdáná ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ kí wọ́n tó wọ yàrá. Wọ́n wo sítóòfù. Wọ́n fi ọwọ́ ra inú odó mi.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, odó rẹ ṣì tuntun."

Mo ní mo máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa ni, mà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo se iṣu, mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ gún iyán. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá mi yí i. Mo ní rárá, pé nínú ìdílé wa, ìyàwó kì í jẹ́ kí ìyá ọkọ fọwọ́ kan iyán ní àbẹ̀wò àkọ́kọ́. Kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ níbikíbi láyé. Ṣùgbọ́n Kátólíìkì ni wá, kò sì sí ohun tí màmá kò lè gbà gbọ́ pé a ní lófin. Wọ́n padà jókòó. Ọkọ mi mú garawa àti kànìnkànìn, ó ní òun ń lọ wẹ̀. Balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó lè bi í ní nǹkan. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo tan rédíò, mo tan ẹ̀rọ, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún táwẹ̀lì.

Nígbà tí mo gbé iyán dé iwájú màmá, wọ́n bu òkèlè kan, wọ́n gbé e mì. Wọ́n bu èkejì. Lẹ́yìn náà wọ́n yí sí ọmọ wọn, wọ́n ní àwọn ti rò pé irọ́ ló pa.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kẹta. Ohun kan ṣoṣo tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ yẹn. Bí odó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọkọ mi á ti lọ wẹ̀. Bí odó bá dákẹ́, á jáde láti balùwẹ̀, òógùn á bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á sì máa mí bí ajá ọdẹ. Màmá ń wò ó pẹ̀lú ojú kan náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì ni ọ́. Ọkùnrin tó wẹ̀ tán tó wá ń làágùn, irú àrùn wo nìyẹn?"

Mo ní ooru ni. Wọ́n ní ooru kò mú àwọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ti ti ìkòkò àgbo sórí ààrò ìyá onílé. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, ó sì korò débi pé òórùn rẹ̀ nìkan tó kí ènìyàn sunkún. Ọkọ mi mu ún. Kí ni kó wí? Mo ń wò ó bó ṣe ń gbé e mì, mo sì ń rántí àwọn ajẹ́rìíkú tí àwọn sísítà máa ń sọ ìtàn wọn fún wa, pé àwọn náà jìyà, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n jìyà nítorí òtítọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ń pọn omi lẹ́yìn ilé nígbà tí ìyá onílé gbé igbá wọn sórí láti lọ sọ́jà. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní ọkọ mi mọ odó gún, ó kàn jẹ́ pé iyán kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n ní kó máa dín ìró rẹ̀ kù bó bá ti tó àkókò. Wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ. Ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni mo ti ra iyọ̀ títí ọdún náà fi parí.

Ọjọ́ Ìsinmi ni gbogbo rẹ̀ tú. Màmá bá ọmọ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láàárọ̀, èmi lọ sí Máàsì ní tèmi. Nígbà tí mo fi máa padà dé, àwọn obìnrin mẹ́rin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pẹ̀lú gèlè ńlá-ńlá. Ẹgbẹ́ màmá ni wọ́n, ọmọ Ìgèdè tó lọ́kọ sí Adó. Màmá ti ròyìn iyán mi fún wọn lẹ́yìn ìwàásù, bóyá lásìkò ìwàásù gan-an. Wọ́n ní àwọn wá fi ẹnu ara àwọn jẹ́rìí.

Mo se iṣu púpọ̀. Ọkọ mi tún mú garawa, ó ní òun ń lọ wẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní ṣé kò wẹ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Màmá ní àìsàn ni, pé àwọn ti ń tọ́jú ẹ̀. Mo wọ yàrá, mo tan rédíò, mo da iṣu sínú ẹ̀rọ. Irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, mo ń wo inú rẹ̀, inú mi ń dùn. Lójijì ni gbogbo nǹkan dákẹ́. Ẹ̀rọ dákẹ́. Rédíò dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú àwọn àlejò láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní, "Uná ti lọ," bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Èkìtì.

Ohun kan ṣoṣo ni kò dákẹ́. Ọ̀sán gangan ni, ilé ìdáná kò sì lo iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, nítorí náà kò sí ohun tó lè sọ fún ọkọ mi pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ń gún un lọ. Pù, pù, pù. Mo ṣí ìdérí ẹ̀rọ: ìdajì iṣu ti di iyán, ìdajì ṣì jẹ́ iṣu. Mo rò ó wò pé kí n sá lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọjà Ọba. Lẹ́yìn náà mo da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ńlá kan, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, bí mo sì ti yọ, ohun tí mo rí ni ẹ̀yìn màmá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n ti rò pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún mi nítorí àlejò, wọ́n ní kí àwọn gbójú fo òfin Kátólíìkì lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn wá ràn mí lọ́wọ́.

Ọkọ mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò wọ ẹ̀wù, ó gbé ọmọ odó sókè, kò sì mọ bóyá kó sọ ọ́ kalẹ̀ tàbí kó má sọ ọ́ kalẹ̀.

Màmá ní, "Kí lo ń gún?"

Ó ní, "Táwẹ̀lì ni, màmá."

"Táwẹ̀lì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá tẹ orí ba, wọ́n wo inú odó pẹ̀lú ojú tó dára. Wọ́n yíjú, wọ́n rí mi lẹ́yìn wọn pẹ̀lú abọ́ iṣu tí kò mọ ohun tó fẹ́ dà. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ronú pé ilé ọkọ mi ti tú nítorí iṣu, pé ohun tí wọn yóò máa sọ nípa mi ní Ìgèdè nìyẹn títí ayé. Wọ́n fà mí wọlé ní èjìká, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Ìka méjì ni wọ́n fi yọ táwẹ̀lì náà. Wọ́n fún un, wọ́n sá a sórí ìṣó. Wọ́n da omi sí odó, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dà á nù, wọ́n sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú odó. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ọmọ wọn.

Wọ́n ní, "Gún un."

Ó gún un. Màmá ń yí i, wọ́n ń ta omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu, tó sì ya òun náà lẹ́nu, ni pé ó mọ̀ ọ́n gún. Táwẹ̀lì ti kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀, ọmọ odó ń bọ́ síbi tó yẹ, èjìká rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ bí ti ẹni tó ti ń ṣe é láti ìgbà èwe. Mo ṣì kúnlẹ̀ títí màmá fi sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé kí n dìde, pé ọbẹ̀ mi ń jóná.

Àwọn àlejò jẹun, wọ́n fi ọwọ́ nu abọ́. Ọ̀kan ní òun kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì lè ní irú apá bẹ́ẹ̀. Òmíràn di ọwọ́ mi mú, ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò, ó ní ẹ wò ó bó ṣe rọ̀, iṣẹ́ Olúwa ni. Mo dúpẹ́. Màmá kò fi kún un, wọn kò sì yọ kúrò. Wọ́n kàn ní iyán ilé wa nìyẹn. Ọkọ mi jókòó sí igun, ó ń fi ọwọ́ òsì jẹun nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ti lé roro, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí, nítorí pé aláìsàn ni.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, màmá ní kí a wá fi ohun náà han àwọn. A mú wọn wọ yàrá. Iná ti padà dé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa, mo se iṣu díẹ̀ tó kù, mo tan ẹ̀rọ. Wọ́n ń wò ó bó ṣe ń ké, bó ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ bí ẹni tí ibà mú. Bó ṣe ń yí lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí wa, bíi sí ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn jẹ́ ìyàwó ní Ìgèdè, ènìyàn mọ́kàndínlógún làwọn ń gún iyán fún ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gún un pẹ̀lú oyún, wọ́n gún un pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Èjìká ọ̀tún wọn kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Lọ́dún kan, ó sú wọn, wọ́n la odó náà pẹ̀lú àáké, wọ́n fi dáná, wọ́n sì sọ fún ìyá ọkọ wọn pé ikán ló jẹ ẹ́.

Ọkọ mi bi wọ́n pé kí ni ìyá ọkọ wọn wá ṣe.

Wọ́n ní, "Ó ra èyí tó tóbi jù ú lọ."

Mo ṣí ẹ̀rọ. Wọ́n bu òkèlè kan láìsí ọbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n ní, "Ó kúnná. Ṣùgbọ́n kò rẹ ẹnikẹ́ni." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n yìn ín ni tàbí wọ́n bú u. Wọ́n ṣáà bu òmíràn.

Ẹjọ́ tí wọ́n dá kò gùn. Wọ́n ní ẹni tó lè fi ọjọ́ méje gún táwẹ̀lì ní ìkọ̀kọ̀ lè gún iyán ní gbangba. Wọ́n ní èmi ni kí n máa se iṣu, kí n sì máa yí i, kí n lè kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi ní kò burú. Ó wá béèrè bóyá a lè da àgbo nù, nígbà tó jẹ́ pé kò sí àìsàn mọ́. Màmá ní kó mu èyí tó kù tán, nítorí irọ́.

Dókítà fún màmá ní oògùn ojú, wọ́n sì padà sí Ìgèdè lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ náà kò lò tó ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan iná dé pẹ̀lú agbára ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, ó rú èéfín, ìyá onílé sì sáré wá wò ó, wọ́n ní ó tó ọjọ́ mẹ́ta, èéfín dé yàrá ìyàwó. A yọ irin inú rẹ̀ kúrò, mo ń rẹ ẹ̀wà sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ mi ń gún iyán. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń ti ilẹ̀kùn, nígbà tó yá kò tì í mọ́, ìyá onílé á sì máa kígbe àtúnṣe sí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi náà kọ́ ọ díẹ̀, mi ò purọ́, mi ò dára níbẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgèdè ló gbòde. A gbọ́ pé bí màmá ṣe dé ilé, wọ́n ní ojú àwọn kò fẹ́ kí àwọn máa gún iyán mọ́, pé bẹ́ẹ̀ ni dókítà wí. Dókítà kò sọ ohun tó jọ ọ́. Wọ́n pe àbíkẹ́yìn wọn ọkùnrin, tíṣà tó ti ní irùngbọ̀n, tó ṣì ń gbé pẹ̀lú wọn, wọ́n sì gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́. Kí ọdún tó parí, obìnrin mẹ́ta mìíràn ní àdúgbò náà ni ojú ti ń dùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní èmi ni mo kó àrùn náà wá láti Adó. Wọ́n sọ ọ́ lójú mi níbi ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi, bí àwọn ọkọ wọn ṣe ń gún iyán àlejò lẹ́yìn ilé. Mi ò jiyàn.